Orin Ọjọ́ Ọdún àti Ọjọ́ Ìrántí Nínú Ìjọ Ilẹ̀ Yorùbá

Bí a bá bi àgbàlagbà kan léèrè bí ọdún Ìkórè ìgbà èwe rẹ̀ ti rí, kì í ṣe iṣu tàbí àgbàdo tí a kó wá síwájú pẹpẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ. Orin ni yóò dá. Yóò mi orí, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì gbé orin náà bí ẹni pé àná li a kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá rántí ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà li ọdún náà, àwọn tí òjò pa, àti iye owó tí a rí. Nítorí náà li a ṣe rò pé ó yẹ, nínú àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí tí a ń tẹ̀ jáde nípa ìtàn ilẹ̀ wa, kí a kọ díẹ̀ nípa bí orin ọdún àti orin ìrántí ti ṣe di tiwa nínú Ìjọ, láti ọ̀dọ̀ àwọn wo ni wọ́n ti wá, àti èyí tí ó ń bọ́ sọnù lójú wa. Àwọn olùkọ́ li a ní lọ́kàn jùlọ, nítorí ọwọ́ wọn li ọ̀rọ̀ yìí yóò dé sí nígbẹ̀yìn.

Kí Ìhìnrere tó dé, ọdún kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá li ó ní ìlù tirẹ̀. Ìgbìn ni a ń lù fún Ọbàtálá, bàtá fún Ṣàngó àti fún Egúngún, ìpèsè fún Ifá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìn odi ti mọ ọdún tí a ń ṣe kí ó tó dé ojú agbo. Ju èyí lọ, ìlù wa kì í ṣe ariwo lásán. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Onídùndún ń fi kọ̀ǹgọ́ pe oríkì ẹni tí ó ń kọjá lọ, ẹni náà yóò sì yí padà bí ẹni tí a fi ẹnu pè. Bí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú bíbọ òrìṣà kò lè gbọ́ bàtá kí ó má gbọ́ orúkọ Ṣàngó nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa wí pé àwọn Òyìnbó li ó lé ìlù kúrò nínú ilé Ọlọ́run. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa kì í ṣe gbogbo òótọ́. Àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́ mọ ohun tí ìlù ń wí ju Òyìnbó lọ, ẹ̀rù ohun tí wọ́n ń gbọ́ sì bà wọ́n. Àwa tí púpọ̀ nínú wa kò mọ ìyàtọ̀ ìgbìn sí bàtá mọ́ kò gbọ́dọ̀ yára dá wọn lẹ́jọ́.

Ní ti orin Ìjọ, Sàró li ó ti bá wa wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí a sì kó gúnlẹ̀ sí Freetown, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sílé láti bí ọdún 1839. Àwọn li ó ṣáájú àwọn míṣọ́nárì, kì í ṣe àwọn míṣọ́nárì li ó ṣáájú wọn. Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì li ọjọ́ 24 oṣù September ọdún 1842. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. dé ibẹ̀ ní oṣù December. Freeman ti Abẹ́òkúta bọ̀ ní àìsùn ọdún, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì, èyí tí a ń kà sí Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Igi Agíyà, tí a máa ń nawọ́ sí pé lábẹ́ rẹ̀ ni ìwàásù ìgbà náà ti ṣẹlẹ̀, wó li ọdún 1959, ọ̀wọ̀n ìrántí li ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Li ọjọ́ 4 oṣù January ọdún 1843 Townsend wọ Abẹ́òkúta. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, li ọjọ́ 9 oṣù January ọdún 1844, Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Láti ìgbà náà li a ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi máa yin Ọlọ́run li èdè wa. Ọ̀nà tí ó súnmọ́ wa jùlọ nígbà náà ni kí a túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.

Níhìn-ín li ìṣòro gbé wà. Gbogbo olùkọ́ li ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, tí a ń pè ní dò, re, mí. Yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, yóò di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkọ (re re) li ó ni aya. Ọkọ́ (re mí) li àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀. Ọkọ̀ (re dò) li a ń wọ̀ lórí omi. Ọ̀kọ̀ (dò dò) li a gbé lọ sójú ogun. Òyìnbó kò ní irú èyí nínú èdè rẹ̀. Ohùn orin rẹ̀ lè gòkè kí ó sì sọ̀kalẹ̀ bí ó ti wù ú, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí irú ohùn bẹ́ẹ̀, orin li yóò máa fa ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni fa ewúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Bí orin Kérésìmesì kan bá mẹ́nu kan ìyá Jésù, tí ohùn orin kò sì gòkè lórí ọ̀rọ̀ náà, ìyà Jésù li etí yóò gbọ́. A ti sọ Kérésìmesì di Jímọ́ Rere láìmọ̀. Bí a bá ń kọrin níbi ìsìnkú nípa ogún àwọn ẹni mímọ́, tí ohùn méjèèjì sì dúró lójú kan náà, ogun àwọn ẹni mímọ́ li a ń kọ. Àwọn tí ó mọ̀wé ń wo ìwé, wọ́n sì mọ èyí tí a ń wí. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé ń gba ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. A mọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ orin kan fún ọdún mẹ́fà láìmọ ohun tí ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ ń wí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ náà li òmùgọ̀, nítorí àwa fúnra wa li ọmọ náà.

Nígbà tí àwọn kan kọ́kọ́ dábàá pé kí a mú ohùn orin ilẹ̀ wa wọ inú ìsìn, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé ohùn ayé ni, pé a ti kọ ọ́ lóko, li ọjà àti níbi ọdún òrìṣà, kò sì yẹ ilé Ọlọ́run. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn àwọn tí ó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ohùn Òyìnbó náà wò, kí a mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Kò sí ìjọ kan tí kò mọ orin Kérésìmesì tí Charles Wesley kọ nípa àwọn áńgẹ́lì tí ó kéde ìbí Ọba, èyí tí a tẹ̀ jáde li ọdún 1739. Ohùn tí a fi ń kọ ọ́ lónìí, Felix Mendelssohn ará Jámánì li ó ṣe é li ọdún 1840, kì í sì í ṣe fún Kérésìmesì rárá. Ní ìlú Leipzig ni a ti ń ṣe ìrántí irinwó ọdún tí Gutenberg bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ọjọ́ ìrántí náà li a ṣe orin náà fún. Orin àwọn atẹ̀wé ni! Mendelssohn tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀rọ̀ ìsìn kò lè bá ohùn náà mu láé. Ó kú li ọdún 1847. Li ọdún 1855 ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. H. Cummings, mú ọ̀rọ̀ Wesley, ó fi lé ohùn náà lórí, wọ́n sì bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó tún rántí àwọn atẹ̀wé mọ́. Bákan náà ni *Messiah* tí Handel ṣe: ní Dublin, li ọjọ́ 13 oṣù April ọdún 1742, nínú ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, li a kọ́kọ́ kọ ọ́; lónìí, Kérésìmesì li àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa ní Èkó àti Ìbàdàn ń gbé e jáde jùlọ. Orin a máa ṣí kúrò nínú ọdún kan bọ́ sínú òmíràn.

Àní àwọn ọdún tí a rò pé ó ti wà láti ayé àwọn Àpọ́sítélì, púpọ̀ nínú wọn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìsìn Ìkórè bí a ti ń ṣe é yìí, R. S. Hawker, àlùfáà ìjọ Morwenstow ní Cornwall, li ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí irú rẹ̀ li ọdún 1843, láti ibẹ̀ li ó sì ti tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà gan-an ni Townsend wọ Abẹ́òkúta! Ìkórè àti Ìjọ Ẹ̀gbá, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin Kérésìmesì kéré sí i li ọjọ́ orí: Bíṣọ́ọ̀bù Benson li ó dá a sílẹ̀ ní Truro li ọdún 1880, King's College ní Cambridge sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ li ọdún 1918. Àwọn baba wa kò ṣòro láti kọ́ Ìkórè, nítorí kò sí àgbẹ̀ Yorùbá kan tí ó jẹ iṣu tuntun rí láìṣe ọpẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni Ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn tí ó ṣí ọ̀nà fún ohùn ilẹ̀ wa, ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ni Canon J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí li ọdún 1855, tí ó sì sùn nínú Olúwa li ọdún 1930. Olórin ni àlùfáà yìí, ó sì mọ̀ pé orin ń wọ ibi tí ìwàásù kò lè wọ̀. Ohùn tí etí àwọn Ẹ̀gbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ li ó mú, tí ó fi ọ̀rọ̀ Ìhìnrere sí, tí ó sì ń kọ ọ́ káàkiri. Li ọdún 1922, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó kọ orin tí ó ju ogójì lọ sínú àwo gírámófóònù, a sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní olónìí. Òun kan náà li ó ṣe orin Ẹ̀gbá, tí gbogbo Ẹ̀gbá ń dìde dúró kọ li ọjọ́ ìrántí Lísàbí, akọni tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ẹ kíyèsí i pé onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ li ó ń jùmọ̀ kọ orin tí àlùfáà ṣe, wọ́n sì ń fi rántí ẹni tí ó kú kí Ìhìnrere tó dé Abẹ́òkúta.

Èkejì ni T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó. Ó kọ́ iṣẹ́ dùùrù ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti ọdún 1911, ó sì padà wá di ọ̀gá atẹdùùrù ní Christ Church, Èkó, li ọdún 1914. Níbẹ̀ li ó wà títí di ọdún 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ọgbọ́n tí Ransome-Kuti fi etí mọ̀, Phillips li ó fi ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde li ọdún 1953, fi hàn pé ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ẹnu bá gòkè, kí orin gòkè, ibi tí ẹnu bá sọ̀kalẹ̀, kí orin sọ̀kalẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, ti kọrin li ọmọdé. Nígbà tí Nàìjíríà sì gba òmìnira li ọdún 1960, Ṣówándé yìí li ó ṣe orin ńlá kan fún ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè láti inú ohùn orin ìbílẹ̀. Nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Àlùfáà A. T. Ọlájídé Olúdé ṣe orin lọ́nà kan náà. Ọ̀kan tí ó ṣe li ọdún 1949 ti wọ ìwé orin àwọn ará Amẹ́ríkà, tí àwọn tí kò mọ Abẹ́òkúta lójú àlá ń kọ ọ́ li ọjọ́ Ìsinmi.

Ó yẹ kí a sọ bí orin wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ li agbára wọn wà. Ẹnìkan a lé, àwọn yòókù a gbè. Ègbè kúrú, kì í sì í yí padà. Lílé li ó ń gùn, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fún ọdún Ìkórè, gbogbo ìjọ lè mọ̀ ọ́n nínú ìrọ̀lẹ́ kan láìsí ìwé. Ẹni tí kò mọ A kò mọ B yóò gbè é bí ti ọ̀mọ̀wé. Li ọjọ́ Ajé Àjíǹde, nígbà tí a bá ń lọ sí Gálílì, orin wọ̀nyí li a fi ń rìn lójú ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ lè bá wọn lọ, èyí tí ẹsẹ̀ kò lè bá púpọ̀ nínú orin inú ìwé ṣe. Li alẹ́ àìsùn Ọdún Tuntun pẹ̀lú, a ti rí i pé ìwé orin ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí agogo méjìlá tó lù, àwọn ìyá ti gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn atẹdùùrù kan a máa bínú sí èyí. A kò dá sí ìjà wọn.

Kì í ṣe inú ilé ìsìn nìkan ni irú orin yìí dúró sí. Li ọjọ́ 12 oṣù June ọdún 1944, Hubert Ògúǹdé gbé eré olórin kan nípa Ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn ìrántí Glover ní Èkó, láti fi rí owó fún ìjọ Aládùúrà kan. Láti inú ohun tí a ṣe nítorí ìjọ li eré orí ìtàgé Yorùbá ti fò jáde lọ sí gbogbo ìlú. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ní irú ìtàn kan náà: wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ lóru oṣù Ramadan láti fi jí àwọn tí yóò jẹ sààrì, láti inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. Ní ti orin orílẹ̀-èdè, ìtàn rẹ̀ kò gùn: èyí tí a kọ li ọdún 1960, a pa á tì li ọdún 1978, a sì mú un padà li ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 2024. Àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n li ọmọdé kò béèrè ìwé li ọjọ́ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì li ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìjà dò re mí níbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn a pè wá síbi àádọ́ta ọdún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, ní ìjọ tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n fẹ́ tún kọ àwọn orin tí àwọn ìyá wọn ṣe fún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ náà. A wá inú àpótí ìjọ, a sì rí ìwé ètò ìsìn ọjọ́ náà. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n orin méjèèje pé. Ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo wọn. Lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan li a tẹ̀ ẹ́ sí pé, “Ohùn ìbílẹ̀,” kò sì sí ohun tí ó lé e. Ẹni tí ó tẹ̀wé náà kò ní ẹ̀bi. Lójú tirẹ̀, ta ni yóò gbàgbé? A pe àwọn ìyá mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ li ọjọ́ náà. Orin méjì jáde li ẹnu wọn bí omi. Lórí ẹ̀kẹta, ìyá kan ní ohùn gòkè, èkejì ní kò gòkè, wọ́n jiyàn títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́. Mẹ́rin ìyókù, kò sí ẹni tí ó lè bẹ̀rẹ̀ wọn. Ìyá tí ó máa ń lé orin ti kú ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí a tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan yé wa li ọjọ́ náà tí a kò tíì rò rí. Níwọ̀n bí ohùn orin wa ti ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, bí ó bá ṣe pé wọ́n fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, à bá lè mọ ibi tí orin gòkè àti ibi tí ó sọ̀kalẹ̀, bí a kò tilẹ̀ lè mọ bí ó ti ga tó. Ìyá méjèèjì kì bá tí jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó ń wí pé àmì ohùn ń dá àwọn lágara, kí wọ́n rántí orin mẹ́rin wọ̀nyí.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọ fún kò sòro. Sol-fa tí John Curwen gbà lọ́wọ́ Sarah Glover, tí ó sì mú gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò fi dù wá. Púpọ̀ nínú yín lè kọ ọ́ bí ẹni kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá dá orin fún ọdún rẹ̀, kí a kọ ohùn rẹ̀ ní sol-fa sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí a fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kí a ya lílé sọ́tọ̀ kúrò lára ègbè, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó dá a àti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ ọ́. Kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí ìjọ, kí òmíràn wà níbòmíràn tí ikán rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Fóònù tí ó wà lápò àwọn ọ̀dọ́ lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí fóònù tí ó bọ́ sínú kànga pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ kálámù sílẹ̀.

Nínú orin méje ti ẹgbẹ́ náà, mẹ́ta li a ti kọ sílẹ̀ báyìí, nítorí àwọn ìyá méjèèjì rẹ́ nígbẹ̀yìn lórí ẹ̀kẹta, èyí tí ó ní ohùn gòkè li ó sì jàre. A ó tún padà lọ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ránṣẹ́ sí wa pé ẹsẹ̀ kan nínú orin Gálílì wọn ń bọ̀ wá sí òun lórí díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí òun bá gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán.